Mọ́tò Tó Ń Rìn Láìsí Bátìrì

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi ara yín pé iṣẹ́ wo ni ẹ máa ṣe jẹun láyé yìí, ẹ sún mọ́ ibí. Èmi Rálíátù, tí gbogbo Ṣàngó ní Ìlọrin ń pè ní Ìyá Mọ́tò Kékeré, ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ìkẹta gan-an kò sì parí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo fi ohun tó ju ọgbọ̀n ọdún ṣe, ẹni tó kàwé dé yunifásítì ń kúnlẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan tirẹ̀. Mọ́tò ni mò ń tọ́jú. Ẹ má tíì patẹ́wọ́ o. Kì í ṣe mọ́tò tí èèyàn ń wọ̀. Mọ́tò tí kò gùn ju apá lọ ni, tí wọ́n fi ń sáré ìdíje, tí olówó rẹ̀ á dúró lọ́ọ̀ọ́kán, á mú rìmóòtù dání, á máa fi darí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti fi mí rẹ́rìn-ín. Àǹtí ọkọ mi kan sọ fún ìyá ọkọ mi pé, “Ìyàwó yín ń fọ nǹkan ìṣeré káàkiri, kò fọ àwo.” Mo ní kí wọ́n gbé àwo náà wá, tí táyà bá ti wà lábẹ́ rẹ̀, mà á fọ̀ ọ́.

Lọ́dún tó kọjá ni mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, torí ojú mi kò rí ihò súkúrù mọ́. Gbogbo nǹkan ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, ẹni tó bá mọ̀ mí mọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí tí kò pa mí lẹ́rìn-ín di òní olónìí, mi ò sì sọ gbogbo rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Ẹ jẹ́ ká ti orí wá.

Bátìrì ni mò ń tà ní Ṣàngó: ti rédíò, ti tọ́ọ̀ṣì, ti aago ara ògiri. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin gígùn kan tó gbẹ bí igi ìdáná dé, ó da bátìrì mẹ́jọ sórí tábìlì mi.

“Ìwọ obìnrin yìí, ta ló ta èyí fún mi?”

“Èmi ni. Ṣé wọ́n ti bímọ ni?”

“Wọ́n ti kú. Wákàtí kan péré ni wọ́n lò.”

“Ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Ìgbà wo ni ìsìnkú?”

Gbogbo ìsọ̀ tó yí mi ká bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n tẹ̀lé òun wá wo ohun tí ọjà mi ṣe. Ẹnu tí mo ti là kò jẹ́ kí n lè sá, ni mo bá tẹ̀lé e dé àdúgbò Adéwọlé.

Inú gáráàjì ilé rẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Mọ́tò kéékèèké wà lórí pákó lóríṣiríṣi, wọ́n dà wọ́n dé, gbogbo wọn na ẹsẹ̀ sókè bí alángbá tó kú. Ọ̀kan wà lórí tábìlì tí iwájú rẹ̀ ti fọ́ yángá. Ó ní bátìrì mi ló wà nínú rìmóòtù, ojú eré ló kú sí, mọ́tò sì lọ forí sọ ògiri.

Mo ní, “Kí ló dé tí kò dúró?”

Ó wò mí. “O rò pé mọ́tò tí kò bá gbọ́ ohùn olówó rẹ̀ mọ́ á dúró? Eré tó ń sá nígbà tí ohùn já, òun náà ni yóò máa sá lọ.”

Mi ò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yẹn fi wọ̀ mí lára, ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, mo ti padà lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ mi níṣẹ́. Bí a ṣe dúnàádúrà kò gùn, ẹ jẹ́ ká fò ó.

Ọ̀gá Gídíónì lorúkọ wọn, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Rédíò ni wọ́n ń tún ṣe tẹ́lẹ̀ kí àwọn olówó GRA tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mọ́tò ìdíje wọn wá. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe le tó. Fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, mi ò fọwọ́ kan súkúrù-díráfà. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, àkísà àti kẹrosíìnì ni tèmi. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé mọ́tò kan lé orí bébà tí mo fẹ́ máa gbo ó, wọ́n gbá mi lọ́wọ́.

“Má tíì fọ̀ ọ́, Rálíátù. Kà á.”

“Ọ̀gá, mi ò mọ̀wé.”

“Ta ló ń sọ̀rọ̀ ìwé? Ìdọ̀tí ni mo ní kí o kà.”

Bí mo ṣe kọ́ ìwé tèmi nìyẹn. Yẹ̀pẹ̀ pupa, pápá ilé ẹ̀kọ́ ni ó ti wá. Koríko tó lọ́ mọ́ ìdí táyà, ẹni tó ń wakọ̀ yẹn kò mọ kọ́nà yí. Táyà ọ̀tún tó jẹ ju tòsì lọ, apá òsì ni ó máa ń yí sí. Ohunkóhun tí a bá sì kà, òfin ṣọ́ọ̀bù ni pé a gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún olówó mọ́tò kí a tó dá a padà fún un. Èyí bá ẹnu mi mu. Alhaji kan ti Mẹ́kà dé, ó wá gba mọ́tò rẹ̀, mo ní, “Ẹ kú àbọ̀, Alhaji. Ẹ̀yin lọ wẹ ẹ̀ṣẹ̀ nù, mọ́tò yín lọ wẹ odò.” Àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń wo ilẹ̀.

Lẹ́yìn fífọ̀ ni gbígbọ́. A máa ń fi kẹrosíìnì ṣan bẹ́ríìnì tó gbé ẹsẹ̀ mọ́tò, a ó kán epo ẹ̀kán kan péré sí i, a ó wá gbé e sétí, a ó dijú, a ó yí ẹsẹ̀ náà. Bí yẹ̀pẹ̀ bá kù nínú rẹ̀, á máa dún bí ẹni tó ń họ ìdí ìkòkò. Èyí tó mọ́ kì í dún rárá. Ọ̀gá á ní, “Ìdákẹ́jẹ́ ni kí o máa wá. Nígbà tí o ò bá gbọ́ nǹkan kan mọ́, nígbà yẹn ni iṣẹ́ parí.” Ẹ wo obìnrin bí èmi, tí wọ́n ní kó máa wá ìdákẹ́jẹ́!

Lọ́jọ́ kan mo tú mọ́tò, mo tò ó padà, súkúrù kan ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi. Mo rọra dì í mọ́ etí ìró mi. Ọ̀gá kò gbójú sókè níbi tí wọ́n ti ń jẹ̀bà. “Rálíátù, èyí tó wà nínú ìró rẹ yẹn, bí kò bá sí níbẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú á yọ lójú eré.” Wọ́n jẹ̀bà wọn tán, wọ́n tú gbogbo mọ́tò náà sínú abọ́, wọ́n gbé abọ́ náà fún mi, wọ́n lọ sùn. Ìyá tó bá máa ṣojo, kó má fi ọmọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ lọ ni mọ́tò Dèjì ti dé ọwọ́ mi.

Dèjì ni ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí adájọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní GRA bí. Ó ti tó ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba nígbà tí jàǹbá ọ̀nà pa á. Mọ́tò ìdíje ni ìfẹ́ ayé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sin ín tán, ìyá rẹ̀, tí a ń pè ní Màmá Adájọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mọ́tò náà wá sí ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, kí ìpẹtà má baà jẹ ẹ́. Kò sẹ́ni tó ń wà á. Bátìrì rẹ̀ àti rìmóòtù rẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ni Màmá fi sílẹ̀ sí. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ máa rí wọn nílé. Orí pákó tó ga jù ni wọ́n wà, èmi ni mò ń nu eruku wọn.

Fún ìgbà pípẹ́, eruku inú yàrá títì nìkan ni mo máa ń bá lára mọ́tò náà. Nígbà tó di ọyẹ́ ọdún kan, mo yí i dé, mo rí yẹ̀pẹ̀ funfun kúnná nínú gíà rẹ̀. Ewé dógóyárò gbígbẹ ti rún mọ́ ìdí ṣọ́kù rẹ̀. Táyà ọ̀tún méjèèjì ti ń jẹ.

Mo rẹ́rìn-ín. “Màmá, ta ló ń fi mọ́tò Dèjì ṣeré?”

“Kò sẹ́nì kankan. Inú yàrá rẹ̀ ló ń wà. Kọ́kọ́rọ́ nìyí lọ́rùn mi.”

“Àwọn wo ló máa ń wà nílé tí ẹ bá jáde?”

“Bàbá Dèjì ni. Ìwọ náà mọ̀ pé látìgbà tí Dèjì ti kú, wọn kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, àfi kí wọ́n jókòó. Àti Málàm Ísá lẹ́nu géètì.”

Ọ̀gá kò sí nítòsí lọ́jọ́ náà. Ká ní wọ́n wà ńbẹ̀ ni, bóyá wọn ì bá bo ẹnu mi. Mo patẹ́wọ́ pàà, mo ní, “Ọ̀rọ̀ ti tán! Mẹ́gáàdì yín ló ń fi ṣeré. Ó ń wà á yí igi ká nínú ọgbà yín, ó ń yí i sósì. Ẹ wo táyà!”

“Láìsí bátìrì?”

“Màmá, kí ni mẹ́gáàdì ò lè rí rà nílùú yìí? Èmi gan-an ń ta bátìrì.”

Mo ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mò ń sọ ọ́. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n tó pe ìrun Alaasari lọ́jọ́ náà, wọ́n ti lé Málàm Ísá. Ọ̀pọ̀ ọdún ló ti fi ṣọ́ géètì yẹn. Ó ti wà ńbẹ̀ kí wọ́n tó bí Dèjì.

Lọ́jọ́ kejì ó wá sí ìsọ̀ mi ní Ṣàngó. Bàbá Gàmbàrí ni, ọmọ Ìlọrin tó ń sọ Yorùbá ju èmi lọ. Ẹní àdúrà wà ní abíyá rẹ̀, kẹ́tù àlùwàlá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró.

“Ìyá Mọ́tò, wọ́n ní ìwọ lo kà mí.”

“Málàm, ohun tí mo rí ni mo sọ.”

“Ó dáa. Wàá tún un kà.”

Ó lọ. Kò bú mi. Bó bá bú mi ni, à bá jọ fà á. Ta ló lè bá èmi pín èébú kó jẹ èrè? Ṣùgbọ́n kò bú mi, ìyẹn ló jẹ́ kó dùn mí dé egungun.

Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ mìíràn pé, Màmá gbé mọ́tò dé. Mo dà á dé lórí bébà. Yẹ̀pẹ̀ funfun. Ewé dógóyárò. Táyà ọ̀tún ti jẹ sí i. Mo gbójú sókè wo Màmá, mo rí i pé ojú wọn ń dán bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe.

“Ìwọ náà rí i,” ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. “Ísá ti lọ, ó sì tún ń rìn. Rálíátù, Dèjì ni. Mo ti ń gbé oúnjẹ tirẹ̀ kalẹ̀ báyìí. Bá mi tọ́jú rẹ̀ dáadáa, kó lè máa dùn ún wà.”

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dé eyín, ó dúró síbẹ̀.

Nígbà tí Màmá lọ tán, Ọ̀gá, tí wọ́n ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn, wá tú gíà ńlá inú mọ́tò náà, wọ́n fi í sí àtẹ́lẹwọ́ mi. “Wo eyín rẹ̀. Ojú ìhà wo ló ń dán?”

Mo gbé e síbi oòrùn. “Ẹ̀yìn ni, sà.”

“Bí ńjìnnì bá ń ti gíà, ojú iwájú eyín ló máa ń jẹ. Ẹ̀yìn ló jẹ nínú èyí. Ẹsẹ̀ mọ́tò ló ń yí ńjìnnì, kì í ṣe ńjìnnì ló ń yí ẹsẹ̀. Bátìrì kankan kò wọ inú mọ́tò yìí. Wọ́n ń fà á ni. Mẹ́gáàdì tó bá fẹ́ ṣeré á wá bátìrì; ẹni tó ń fà á nílẹ̀, ohun mìíràn ni ẹni náà ń wá.” Wọ́n gba gíà náà padà, wọ́n jù ú sórí tábìlì, wọ́n mú tuntun láti fi rọ́pò rẹ̀. “O ka ìdọ̀tí, o ka táyà, o pa ìwé dé. O wá fi ìdajì ìwé lé èèyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Fi súkúrù-díráfà yẹn sílẹ̀.”

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́...”

“O ò ní fọwọ́ kan irin kankan nínú ṣọ́ọ̀bù yìí mọ́, títí Málàm Ísá yóò fi padà sẹ́nu géètì rẹ̀. Bí kò bá padà, máa ta bátìrì rẹ lọ.”

Ẹ̀yin ọmọ, nígbà yẹn ni mo mọ̀ pé mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí. Ẹkún ni mo sun dé Ṣàngó, èmi tí mo ń fi òkú bátìrì ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo mọ̀ pé gbogbo ọ̀sán Ọjọ́rú ni Màmá máa ń lọ ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ wọn. Ọjọ́ náà ni mo gba GRA lọ. Ọyẹ́ ti bo gbogbo ibẹ̀, oòrùn kàn wà lókè bí owó ẹyọ ni. Ẹ mọ bí GRA ṣe rí lọ́sàn-án: mọ́tò kan kọjá, ó tún di ìgbà pípẹ́. Ẹyẹ kò ké. Géètì ilé adájọ́ ṣí sílẹ̀ díẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń tì í mọ́.

Mo dúró lẹ́yìn òdòdó tí wọ́n fi ṣe ọgbà. Mo gbọ́ yẹ̀pẹ̀: ṣìì, ṣìì, ṣìì. Mi ò gbọ́ bẹ́ríìnì, torí èmi ni mo fọ̀ wọ́n, mo sì fọ̀ wọ́n dáadáa. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn kan tó ń ṣe vuuu, vuuu, bí ìgbà tí èèyàn ń fi ẹnu ṣe ìró mọ́tò. Mo na ọrùn. Orí Bàbá Adájọ́ àti èjìká wọn ni mo rí lókè òdòdó, nínú jalàbíà funfun, wọ́n ń yí igi dógóyárò ká, wọ́n ń yí i sósì.

Inú mi dùn débi pé mo fọwọ́ bo ẹnu. Àgbàlagbà adájọ́ ló ń fi okùn fa mọ́tò ìṣeré, tó ń fi ẹnu ṣe vuuu! Mo ti rí ẹni tó ń fà á. Mo wọlé wéré kí n lè ká wọn mọ́ ọn. Wọ́n wà ní òdìkejì igi. Mo dúró kí wọ́n yí kàn mí.

Mọ́tò ló kọ́kọ́ yọ. Okùn tẹ̀lé e. Bàbá ló kẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ n tún un sọ, kó yé yín. Bàbá kò fa mọ́tò. Mọ́tò wà níwájú, okùn le gan-gan láàárín wọn, Bàbá ń tẹ̀lé e bí ẹni tí ajá fà jáde. Bátìrì mọ́tò náà wà lórí pákó ní Adéwọlé. Mo nu eruku rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo wo ilẹ̀ bóyá ó dà gẹ̀rẹ́. Bó tilẹ̀ dà gẹ̀rẹ́, ta ló ń sọ̀ kalẹ̀ yí igi ká láìní gòkè níbì kan? Vuuu ṣì ń dún. Mo wo ẹnu Bàbá. Ẹnu wọn pa dé.

Bí Bàbá ṣe rí mi, mọ́tò dúró. Okùn dẹ̀. Ohùn yẹn dákẹ́.

“Ta nì yẹn?” Ohùn wọn dún bí ilẹ̀kùn tí wọn kò ṣí fún ọdún kan.

“Rálíátù ni, sà. Tó ń fọ mọ́tò.”

“Ìwọ lo ń jẹ́ kó máa rìn wẹ́rẹ́ báyìí.”

Ẹsẹ̀ mi fẹ́ máa lọ, ṣùgbọ́n mo rántí kẹ́tù ọwọ́ Málàm. “Bàbá, wọ́n ti lé Málàm Ísá nítorí mọ́tò yìí.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ mọ̀! Ẹ̀yin tí ẹ fi gbogbo ọjọ́ ayé yín dájọ́! Wọ́n dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi nínú ọgbà yín, ẹ jókòó ẹ ń wò!”

Wọn kò bínú. Wọ́n wo mọ́tò náà. “Kí ni kí n sọ? Lọ́dọọdún ni Dèjì ń bẹ̀ mí kí n wá wo eré òun, mo ní mi ò ráyè. Ó kú. Nígbà tí ọyẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀, mo fi kọ́kọ́rọ́ kejì ṣí yàrá, mo so okùn mọ́ ọn, mo ní kí n fà á bí ọmọ kékeré ti ń fà á. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni mo fà. Ìkẹrin, òun ló fà mí. Bí mo bá ní èmi ni mò ń fà á, irọ́ ni. Bí mo bá sọ òótọ́, wọ́n á ní orí mi ti dàrú. Mi ò gba irọ́ rí ní kóòtù mi.”

“Kì í ṣe kóòtù nìyí, Bàbá. Abẹ́ dógóyárò ni. Málàm Ísá ti di olè lójú àwọn ọmọ rẹ̀. Irọ́ tó máa dá a padà ni mo wá gbà.”

Ọyẹ́ ń fẹ́, ewé ń já bọ́ sórí wa. Mi ò dúró gbọ́ ìdáhùn, torí okùn náà tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í le.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mọ́tò ńlá dúró sẹ́nu gáráàjì Ọ̀gá. Màmá sọ̀ kalẹ̀, Bàbá tẹ̀lé wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Bàbá jáde nílé látọjọ́ ìsìnkú nìyẹn. Wọ́n dúró ṣánṣán, wọ́n ní, “Aya mi, èmi ni mò ń fa mọ́tò Dèjì. Èmi nìkan. Ísá kò mọwọ́ mẹsẹ̀.”

Màmá wò wọ́n bí ẹni pé àjèjì ni. Omi bọ́ lójú wọn, mi ò mọ̀ bóyá nítorí ọ̀rọ̀ náà ni àbí nítorí ohùn ọkọ wọn tí wọ́n ti ń retí láti gbọ́. Wọ́n wá yíjú sí mi.

“Rálíátù, ìwọ lo máa ń kà á. Ṣé òótọ́ ni?”

Gíà àtijọ́ náà wà lórí tábìlì. Ọ̀gá ń wò mí, Bàbá ń wò mí. Òfin ṣọ́ọ̀bù ni pé kí a sọ gbogbo ohun tí a bá kà. Mo mọ ohun tó yọ ṣáájú lẹ́yìn igi yẹn.

Mo ní, “Màmá, eyín gíà kì í purọ́. Kì í ṣe bátìrì ló gbé e rìn. Wọ́n so okùn mọ́ ọn, Bàbá sì ni mo bá nídìí okùn.”

Kò sí irọ́ kan nínú rẹ̀. Ọ̀gá mọ̀ pé ó ku nǹkan. Mo rí i lójú wọn. Fún ìgbà àkọ́kọ́, wọn kò ní kí n sọ èyí tó kù. Màmá jókòó sórí àga onígi, wọ́n ní, “Tí a bá délé, ẹ bá mi gbé oúnjẹ Dèjì kúrò lórí tábìlì,” wọ́n sì di ọwọ́ ọkọ wọn mú.

Màmá rán dírẹ́bà sí Málàm Ísá. Ó kọ̀, ó ní ẹni tó ka òun ni kó wá. Mo lọ bá a nílé rẹ̀ lágbo ilé Gàmbàrí, mo kúnlẹ̀ lójú ìyàwó rẹ̀ méjèèjì.

“Ìyá Mọ́tò, o ti kà mí tán?”

“Mo kà yín tán, Málàm. Ẹ dákun, ẹ fi ti Ọlọ́hun ṣe é.”

“Ó dáa. Gbé kẹ́tù mi.”

Báyìí ni èmi Rálíátù ṣe gbé kẹ́tù àti ẹní gba àárín ìlú lọ sí GRA, tí Málàm ń ju apá níwájú mi bí ọba tó ń lọ Yídì. Àwọn tó mọ̀ mí ń pariwo, “Ìyá Mọ́tò, ọkọ tuntun ni?” Nígbà tí a kù díẹ̀ ká dé, mo bi í léèrè.

“Málàm, ṣé ẹ máa ń rí wọn lábẹ́ igi yẹn?”

“Ojoojúmọ́.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ nígbà tí wọ́n ń lé yín?”

“Géètì ni wọ́n ní kí n ṣọ́. Ohun tó bá wọlé láìgba géètì kọjá, kì í ṣe tèmi.”

Ó gba kẹ́tù lọ́wọ́ mi, ó jókòó sí àyè rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì Ọ̀gá ti súkúrù-díráfà sí mi lórí tábìlì.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ti yí padà lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tiwa, bí mọ́tò méjì bá ń gbọ́ ohùn kan náà, rìmóòtù tìrẹ lè gbé mọ́tò tèmi sá lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń so àkísà aláwọ̀ mọ́ irin rìmóòtù kí oníkálukú mọ ohùn tirẹ̀. Ní báyìí, mọ́tò kọ̀ọ̀kan mọ olówó rẹ̀ láìsí àkísà. Bátìrì ayé ìsinsìnyí kéré, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n bó bá ti wú bí ikùn aláboyún, gbé e jáde nílé kó tó dáná sun ọ́. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ń fi fóònù wo àìsàn mọ́tò. Mo ní kí wọ́n máa wò ó, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ dà á dé ná. Iṣẹ́ yìí dára, ẹ̀yin ọmọ. Kò ní sọ yín di olówó rẹpẹtẹ, àmọ́ ẹni tó bá lè fara balẹ̀ wo ìdọ̀tí ẹlòmíràn láìsáré lanu, ebi kò ní pa á. Lanu díẹ̀díẹ̀ ni mo sì wá ń lanu.

Ọ̀gá kú ní ọjọ́ ogbó, wọ́n fi irin iṣẹ́ wọn sílẹ̀ fún mi, mo kó o wá sí Ṣàngó. Mọ́tò Dèjì kò yéé wá. Táyà rẹ̀ kò sí lọ́jà mọ́, mo ń gé sílípáàsì rọ́bà fi ṣe é. Lẹ́yìn náà Bàbá Adájọ́ jáde láyé. Ọmọbìnrin wọn wá mú Màmá lọ sí Ìbàdàn, wọ́n ti gbogbo ilé pa, ó ku Málàm Ísá nìkan lẹ́nu géètì, òun náà ti tẹ̀. Mo ní ó ti parí nìyẹn.

Ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ oṣù tó tẹ̀lé e, Málàm wọlé tọ̀ mí wá, ó gbé náílọ́nù kan lé orí tábìlì mi. Ó ní Màmá fi kọ́kọ́rọ́ yàrá Dèjì lé òun lọ́wọ́, pé kí òun máa gbé e wá. Mo yọ mọ́tò náà jáde, mo dà á dé lórí bébà. Yẹ̀pẹ̀ funfun ló wà ńbẹ̀, ó ṣì tutù. Ewé dógóyárò tútù kan wà níbẹ̀, àwọ̀ ewé rẹ̀ kò tíì ṣá. Mo wo ọwọ́ Málàm, ó ń gbọ̀n lórí ọ̀pá. Kò lè fa ewúrẹ́.

“Málàm, ilé ti ṣófo. Ta ló wà nídìí okùn yìí báyìí?”

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ó nu ojú rẹ̀.

“Ìyá Mọ́tò, ṣé o tún fẹ́ kí wọ́n lé mi ni?”

Mo pa ẹnu mi dé. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́.